Ẹ Bi Wá Léèrè: Wọ́n wọ bàtà mi lọ òde tán, wọ́n ní kí n gbà á padà

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ dídá ọjà padà pọ̀ lóṣù yìí, la bá kó mẹ́ta pa pọ̀, méjì wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ẹni tó rà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàtà àti báàgì ni mò ń tà ní Under G, nítòsí LAUTECH, àwọn ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi. Nígbà tí ọjà dákú, mo rí i lórí fóònù pé àwọn ṣọ́ọ̀bù òyìnbó máa ń sọ pé tí ọjà ò bá tẹ́ èèyàn lọ́rùn kó dá a padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kò síbèéèrè, owó ẹ̀ á pé. Lèmi náà bá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, mo tún gbé e sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp. Lóòótọ́ èrò ya wá o. Àmọ́ ọjà tí wọ́n ń dá padà ti wá ń kọjá agbára mi, wọ́n á wọ bàtà lọ òde tán, ilẹ̀ ẹ̀ á ti họ, wọ́n á ní ó fún àwọn lẹ́sẹ̀, ẹnìkan tiẹ̀ dá báàgì padà tí páúdà ṣì wà nínú ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n ya ìwé yẹn dànù kí n kọ “ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà”. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá rí ìyẹn wọ́n á sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. — Ìyá Bàtà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Bàtà, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn tọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ yín náà ò sì burú láti inú, owó òwò yín ló ń dùn ún. Àmọ́ ẹ má kọ ohun tó ní kí ẹ kọ yẹn, màá sọ ìdí ẹ̀ tí mo bá ń dá ẹni kejì lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí irú ìlérí yẹn ti wá. Ọkùnrin kan wà ní Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Leon Leonwood Bean lorúkọ ẹ̀, 1912 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàtà àwọn ọdẹ, ó ní ẹni tí ò bá tẹ́ lọ́rùn kó dá a padà kó gbowó ẹ̀. Nínú 100 bàtà àkọ́kọ́ tó tà, 90 ló padà wá, awọ òkè ẹ̀ ló ń já kúrò lára rọ́bà ìsàlẹ̀. Ó dá owó gbogbo wọn padà, ó lọ yáwó, ó tún bàtà náà ṣe dáadáa. Ohun tó sọ L.L. Bean di ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi di ìlérí yẹn mú. Ìgbà tó di oṣù kejì ọdún 2018 ni wọ́n jáwọ́, wọ́n ní láti ìgbà yẹn lọ, ọdún kan péré ni, ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà padà kó mú risíìtì dání. Kí ló fà á? Àwọn èèyàn ń lọ ra aṣọ àti bàtà àlòkù L.L. Bean níbi tí wọ́n ti ń tà á ní pọ́ọ́kú, wọ́n á gbé e lọ gba owó tuntun. Ilé iṣẹ́ náà ní láàárín ọdún márùn-ún, ọjà tí àwọn gbà padà tí ò ṣe é ṣe nǹkan kan mọ́ ju kí àwọn bà á jẹ́ lọ ti jẹ 250 mílíọ̀nù dọ́là. REI náà, àwọn tó ń ta nǹkan ìpàgọ́ àti ìgòkè, ti fi gbèdéke ọdún kan sí tiwọn láti 2013.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1912 àti 2018 yẹn dáadáa, torí òun gan-an ni ìdáhùn yín. Bàtà 90 yẹn, ẹni tó rán an ló jẹ̀bi. Ó gbà á padà, ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, bàtà ẹ̀ sì dára sí i. Àwọn ti ìgbẹ̀yìn yẹn, bàtà ò ṣe nǹkan kan, èèyàn ló lò ó gbó tó ń wá owó. Ìwé tí ẹ kọ sára ògiri yín ò ya méjèèjì sọ́tọ̀, “kò síbèéèrè” lẹ kọ, ẹ ti fún ẹni tó fẹ́ yá bàtà wọ lọ́fẹ̀ẹ́ láǹfààní àtiwá.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní bàtà kan dé ọwọ́ yín ní 12,000 náírà, owó mọ́tò láti Balógun ti wà nínú ẹ̀, ẹ tà á ní 15,000. Èrè yín jẹ́ 3,000, ẹ ò tíì yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò tíì yọ owó iná. Kọ́sítọ́mà wọ̀ ọ́ lọ òde, ó gbé e padà wá, ẹ kó 15,000 fún un, bàtà tó ti họ yẹn ò lè kọjá 6,000 tí ẹ bá fi ṣe gbàǹjo. Ẹ ti pàdánù 6,000 nìyẹn, bàtà méjì míì lẹ gbọ́dọ̀ tà láìjẹ èrè kí ẹ tó padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Tí bàtà mẹ́ta bá padà lọ́sẹ̀ kan, ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ fi gbé oúnjẹ kalẹ̀?

Èyí tí àwọn èèyàn kì í sì í rò ni pé owó ọ̀hún gan-an ò sí nílẹ̀ mọ́. Owó tí ẹ pa ní Mọ́ńdè, ó ṣeé ṣe kó ti bá yín lọ Èkó ní Wẹ́sìdeè láti kó ọjà míì wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kọ́sítọ́mà ń béèrè owó ẹ̀, ibo lẹ ti fẹ́ mú un? Owó àjọ lẹ máa fọwọ́ kàn, tàbí owó iléèwé ọmọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́ wọn jẹ, tí olè ò jà wọ́n, tó jẹ́ bí owó ṣe ń jáde ní ìgbà tí wọn ò retí ẹ̀ báyìí ló tú ìsọ̀ wọn ká, ó sì máa ń dùn mí dénú.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹ rí yẹn ò rí báyìí. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà fún wọn lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn, tàbí kí wọ́n tà á lápapọ̀ fún àwọn tó ń ra ọjà àdápadà, wọ́n sì ti ṣírò gbogbo àdánù ẹ̀ mọ́ iye tí wọ́n ń ta ọjà kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà Amẹ́ríkà, NRF, ní lọ́dún 2023, nínú gbogbo 100 dọ́là ọjà tí wọ́n tà, ọjà bíi dọ́là 14 ààbọ̀ ló padà wá, tí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 743 bílíọ̀nù dọ́là. Síbẹ̀ ó ti ń sú àwọn náà. Zara, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta aṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fi pọ́ọ̀sì dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì padà ní UK lọ́dún 2022. Ẹni tí ọlọ́jà Balógun ò ní gba bàtà kan ṣoṣo padà lọ́wọ́ ẹ̀, báwo ló ṣe máa fara wé wọn?

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn ti ilẹ̀kùn pa o. Lọ́dún 2016 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 21 lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ yẹ̀ wò, ohun tí wọ́n rí ni pé tí ṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ rọ̀ lórí gbígba ọjà padà, ọjà tí wọ́n ń rà máa ń lékún ju èyí tí wọ́n ń dá padà lọ. Ẹ̀yin náà rí i, èrò ya wá. Èyí tó yà mí lẹ́nu nínú ẹ̀ ni pé ọjọ́ tó gùn kì í jẹ́ kí wọ́n dá ọjà padà púpọ̀ sí i, ńṣe ló máa ń dín in kù, ẹni tí wọn ò kán lójú á gbé ọjà ẹ̀ sílé, kó tó pẹ́ ó ti mọ́ ọn lára. Ohun tó ń jẹ́ kí ọjà padà wá rẹpẹtẹ ni kí ṣọ́ọ̀bù máa gba oríṣiríṣi gbogbo, títí kan èyí tí wọ́n tà ní gbàǹjo.

Torí náà ọgbọ̀n ọjọ́ kọ́ ló ń pa yín lára, ohun tí ẹ ń gbà ni, àti owó tí ẹ ń kó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi á fi sílẹ̀ tó bá jẹ́ èmi, kí ọmọ tó lọ sílé lọ́jọ́ Fúráídè lè rí àyè padà wá. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Èyí tí ẹ bá bá àbùkù lára ẹ̀, ẹ gbé e wá, a ó pààrọ̀ ẹ̀ tàbí ká dá owó yín padà. Èyí tí ò bá yín lẹ́sẹ̀ mu, a ó pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ò bá tíì wọ̀ ọ́ jáde, tí sítíkà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò sì tíì kúrò.” Kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ kọ ọ́ sára risíìtì, kí ẹ sì fẹnu sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe tiránsífà, torí ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn tí owó ti wọlé, ìjà ló máa dà.

Sítíkà yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ ra èyí tó ń lẹ̀ pinpin, ẹ lẹ̀ ọ́ mọ́ abẹ́ bàtà méjèèjì, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sínú ṣọ́ọ̀bù kí kọ́sítọ́mà lè dán an wò níbẹ̀, kó rìn lọ kó rìn bọ̀, kó dúró díẹ̀, ẹ má kánjú ẹ̀, torí ẹni tó wọ̀ ọ́ dáadáa kó tó sanwó ò ní padà wá sọ pé ó fún òun. Tó bá wá gbé e padà, ẹ dojú bàtà dé níṣojú ẹ̀, ẹ wo inú àwọn ìlà rọ́bà yẹn, erùpẹ̀ pupa tiwa níbí kì í purọ́, téèyàn bá fi aṣọ nù ún títí díẹ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ wo orí ìka ẹsẹ̀ náà bóyá ó ti hunjọ. Fún báàgì, ẹ má yọ bébà tí wọ́n kì sínú ẹ̀, ẹ má sì yọ ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí, Bloomingdale's tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn olówó ní Amẹ́ríkà ti ń fi pátákó dúdú kékeré síwájú aṣọ obìnrin láti 2013, ibi tí gbogbo ayé á ti rí i téèyàn bá wọ̀ ọ́ lọ òde, tó bá sì ti já a, wọn ò gbà á padà mọ́.

Àwọn tó ti rà lábẹ́ ìwé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ mú ìlérí yín ṣẹ fún wọn títí ọgbọ̀n ọjọ́ wọn á fi pé, bó tiẹ̀ dùn yín. Ẹ lè fi pípààrọ̀ bẹ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà tí ẹ bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ èyí tó bá ní owó lòun fẹ́, ẹ fún un. Ọmọ yunifásítì kan tí ẹ bá já kulẹ̀, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló máa gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ra búlẹ́ńdà ní ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí. Kò síná lọ́jọ́ tí mo rà á, a ò lè dán an wò. Mo gbé e délé, iná dé lálẹ́, mo lọ ata lẹ́ẹ̀kan ó ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀kejì ló rú èéfín. Mo gbé e padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá tó tà á fún mi kàn na ìka sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, “ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà”. Ṣé bó ṣe máa lọ nìyẹn? — Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Rárá, Ìyá Ìbejì, kò lè lọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Bàtà náà kó fetí sí èyí. Òfin ààbò oníbàárà kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ọdún 2018, abala 122 ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lórí dídá ọjà padà. Ó ní téèyàn bá sọ ohun tóun fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí ọjà náà ò sì lè ṣe é, ó lè dá a padà láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu kó gba gbogbo owó ẹ̀. Ọjà tó ti bà jẹ́ láti ilé náà, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni láti dá a padà. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ò bófin mu. Ìwé ò lè gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín.

Àmọ́ ẹ má gbé ọlọ́pàá lọ bá ìyá yẹn o. Ó ṣeé ṣe kí òun náà kó o láti Ìbàdàn, kí ẹni tó tà á fún un ti sọ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹ̀rù àdánù ló ń bà á. Ẹ gbé búlẹ́ńdà náà sínú páálí ẹ̀, ẹ mú risíìtì tàbí álátì tiránsífà dání, ẹ lọ bá a nígbà tí èrò ò pọ̀ níwájú ẹ̀, ẹ ní kó fún yín ní òmíràn, kó gbé eléyìí padà fún ẹni tó kó o fún un. Tí ó bá yarí, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta nǹkan iná, orúkọ ọjà wọn ò ní fẹ́ kó bàjẹ́. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá yanjú ẹ̀, FCCPC ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ná, torí òtítọ́ ló yẹ kí ẹ gbé lọ síbẹ̀: ṣé iná tó wá lálẹ́ yẹn ò pọ̀ jù, tí gílóòbù ń tàn wàà? Ṣé omi ò kán sí ìdí ẹ̀? Tó bá jẹ́ iná ló jó o, ẹ̀bi ìyá yẹn kọ́. Fún ẹ̀yin ọlọ́jà nǹkan iná, ẹ dákun, tí kò bá síná ẹ wá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tan, àní ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ dán ọjà wò lójú ẹni tó rà á, kí ẹ kọ ọ́ sí risíìtì pé ẹ dán an wò. Owó bẹntiróòlù yẹn ò tó owó búlẹ́ńdà kan.

ÌBÉÈRÈ: Àdìrẹ àti léèsì ni mò ń tà láti ilé, ní Tákíè, orí WhatsApp ni mo ti ń rí kọ́sítọ́mà, màá fi ránṣẹ́ sí wọn ní gáréèjì. Obìnrin kan n'Ílọrin ní léèsì tí mo fi ránṣẹ́ ò rí bí èyí tó wà nínú fọ́tò, ó fẹ́ gba owó ẹ̀ àti owó wáyábìlì lọ́ọlọ́bọ̀. Àmọ́ ó ti gbé e fún télọ̀ kó tó pè mí, wọ́n ti gé e. — Ọmọ Ṣọ̀ún

ÌDÁHÙN: Ẹni tó ra ọjà tí kò fojú rí, tí kò fọwọ́ kàn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ju ti ẹni tó wá sí ìsọ̀ lọ, abala 122 kan náà yẹn sì sọ ọ́, tí ọjà ò bá rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ ó lè kọ̀ ọ́ kó gba gbogbo owó ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú ẹgbẹ́ EU tiẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti oṣù kẹfà 2014, ẹni tó bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, kò ní láti sọ ìdí kankan. Àmọ́ lọ́dọ̀ wọn, tó bá jẹ́ ọkàn ẹ̀ ló yí padà, òun ló máa san owó tí yóò fi dá a padà, àyàfi tí ẹni tó tà á bá ti gbà láti san án. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe sí ìwọ̀n ẹnìkan, kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ wo fọ́tò yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé abẹ́ iná funfun lẹ ti yà á, ṣé ẹ fi nǹkan tó ń mú àwọ̀ tàn sí i lórí fóònù? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi wà lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ dá díẹ̀ padà nínú owó ẹ̀. Gbogbo owó kọ́, torí gbàrà tó ṣí i ló yẹ kó ti pè yín, kì í ṣe ìgbà tí síọ́ọ̀sì ti wọ inú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé fọ́tò yín ò purọ́, ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé aṣọ tí wọ́n ti gé ò ṣeé tà fún ẹlòmíràn mọ́, kí ẹ ṣe ẹ̀dínwó fún un lórí èyí tó bá tún rà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa ya aṣọ lójú ọ̀sán níta, lẹ́bàá ògiri funfun, kí ẹ fi fídíò kékeré kan tẹ̀ lé e tí ẹ ti ń ṣí i wò síwá sẹ́yìn. Kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì yín pé tí aṣọ bá dé, kí wọ́n wò ó lójú ọjọ́ kí wọ́n tó gbé e fún télọ̀, pé ẹ ó gba odidi padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pé tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe, ẹ̀yin lẹ máa san wáyábìlì lọ́ọlọ́bọ̀, tó bá jẹ́ ọkàn wọn ló yí padà, àwọn ló máa san án. Kí wọ́n sì fèsì pé àwọn gbà kí ẹ tó gbé ẹrù lọ sí gáréèjì.